Bí Ènìyàn Kò Sí, Imalẹ̀ Kò Sí: Òǹwòran, Òrìṣà àti Eré American Gods Tí Wọ́n Gé Kúrú

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Starz ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kéde pé eré onípele tí a mọ̀ sí American Gods kò ní ní ìpele kẹrin. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ó wà láàárín ìkéde yìí àti abala tí ó kẹ́yìn ìpele kẹta. Nínú abala náà, Shadow Moon, tí í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, wà lára igi ńlá kan tí a so ó mọ́, tí ó ń ṣe àìsùn òkú baba rẹ̀. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí eré parí. Ogun tí àwọn òrìṣà àtijọ́ àti òrìṣà tuntun ti ń múra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré kò tíì bẹ́ sílẹ̀. Bí apàlọ́ bá dé ibi tí Ìjàpá ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ ilé àna rẹ̀, tí apàlọ́ náà wá dìde lójijì, tí ó gbọn aṣọ rẹ̀, tí ó sì wọlé lọ sùn, ohun tí yóò ṣe àwọn ọmọdé tí ó jókòó yí i ká ni ó ṣe àwọn olólùfẹ́ eré yìí.

Ìbànújẹ́ irú àwọn òǹwòran bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí àyè nínú iṣẹ́ lámèyítọ́. Iṣẹ́ tí ó parí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń yẹ̀ wò: bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe díjú, bí ó ṣe tú. Ẹni tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀ eré tí wọ́n dá dúró, aláìríṣẹ́-ṣe ni wọ́n ń kà á sí. Èrò tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí èyí. Ìjákulẹ̀ àwọn olólùfẹ́ American Gods jẹ́ ohun tí eré náà fúnra rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀, nítorí pé kókó tí ó dá lé lórí gan-an ni ó wá ṣekú pa á. Eré nípa àwọn òrìṣà tí ń kú nítorí àìrí olùsìn ni, àìrí òǹwòran ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fi òpin sí i. Yàtọ̀ sí èyí, nínú gbogbo ohun tí ó sọnù pẹ̀lú eré náà, apá kan wà tí ó kan ọmọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Apá yìí ni ariwo rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ariwo tí àwọn ènìyàn pa.

Ìtàn inú eré náà ní ṣókí

Ìwé ìtàn-àròsọ tí Neil Gaiman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní ọdún 2001 ni wọ́n sọ di eré. Èrò tí ó wà lẹ́yìn ìwé náà kò ṣòro. Gbogbo ẹ̀yà tí ó bá ẹsẹ̀ ara wọn tàbí ẹsẹ̀ ipá dé Amẹ́ríkà ni ó gbé òrìṣà tirẹ̀ dání. Nígbà tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn gbàgbé àwọn òrìṣà wọ̀nyí, àwọn òrìṣà náà kò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n di awakọ̀, alápatà, oníjìbìtì, obìnrin tí ń rìn ní òru. Odin, òrìṣà àwọn ará àríwá Yúróòpù, ń jẹ́ Wednesday, ó sì ń fi ẹnu dídùn àti èrú jẹun. Òun ni ó gba Shadow síṣẹ́ nígbà tí èyí jáde lẹ́wọ̀n, tí àwọn méjèèjì sì ń rìn káàkiri Amẹ́ríkà láti kó àwọn òrìṣà àtijọ́ jọ fún ogun. Àwọn tí wọ́n fẹ́ bá jà ni òrìṣà tuntun tí àwọn ènìyàn òde òní ń sìn láìmọ̀ pé ìsìn ni wọ́n ń ṣe: ẹ̀rọ ayélujára, amóhùnmáwòrán àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2017, abala mẹ́jọ ni ó ní. Ìpele kejì ní ọdún 2019 ní abala mẹ́jọ pẹ̀lú. Ìpele kẹta bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021, abala mẹ́wàá ni. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ abala 26. Ní ilẹ̀ òkèèrè, orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ Prime Video, ni àwọn ènìyàn ti ń wò ó, ibẹ̀ sì ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran ní ilẹ̀ yìí.

Ẹbọ tí ojú ń rú

Òwe Yorùbá kan wà tí ó jọ pé wọ́n dìídì pa fún eré yìí: bí ènìyàn kò sí, imalẹ̀ kò sí. Karin Barber gbé èrò inú òwe yìí yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1981. Àlàyé rẹ̀ ni pé olùsìn ni ó ń gbé òrìṣà ga. Nípa oríkì, ẹbọ àti àbójútó ni òrìṣà fi ń lágbára. Bí olùsìn bá sì rí i pé òrìṣà kan kò gbè é, kò sí ohun tí ó ní kí ó má wá òmíràn lọ. Ó fi èyí wé bí ènìyàn ńlá ní ìlú ṣe ń dúró lórí àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Bí èrò ẹ̀yìn bá tú ká, ọlá di ìtàn.

Ẹni tí ó bá fi àlàyé yìí wo American Gods yóò rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Gaiman gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú, ó gbé e dé iwájú amóhùnmáwòrán. Nínú ìpele kìíní, Media, òrìṣà amóhùnmáwòrán, tí Gillian Anderson ṣe ipa rẹ̀, yọ sí Shadow láti inú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n tò kalẹ̀ fún títà. Ó ṣàlàyé fún un pé ojúbọ ni gíláàsì tí àwọn ènìyàn ń dojú kọ, àkókò wọn ni wọ́n sì fi ń rúbọ. Ọ̀rọ̀ yìí pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ amóhùnmáwòrán rí. Ilé-iṣẹ́ kò ta eré fún òǹwòran. Òǹwòran gan-an ni ó ń tà fún àwọn olùpolówó ọjà, bí ó bá sì jẹ́ irú ti Starz tí àwọn ènìyàn ń sanwó oṣooṣù fún, iye orí àwọn tí ń sanwó ni ó ń kà. Yálà ti ìṣáájú ni tàbí ti ìkẹyìn, orí ni wọ́n ń kà.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ pàtàkì ti wọlé, òun náà ni ó ṣàlàyé ìbínú àwọn olólùfẹ́ eré. Òrìṣà kì í ka orí. Ó lè jẹ́ ìdílé kan ṣoṣo ní ìlú ni ó ń bọ òrìṣà kan, kí ọdún rẹ̀ sì máa wáyé láìyẹ̀, nítorí pé bí ìfọkànsìn àwọn tí ó kù ṣe wúwo tó ni a ń wò. Arugbá kan ni ó ń ru igbá lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún. Nínú ìṣirò ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán, ẹni tí ó wo abala kan ní ìgbà mẹ́wàá, tí ó ka ìwé tí wọ́n fi ṣe é, tí ó mọ orúkọ gbogbo òṣèré, tí ó sì ń bá àwọn ẹlòmíràn jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ kan náà ni ẹni tí ó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó tó sùn lọ. Iye òǹwòran American Gods ń dín kù láti ìpele dé ìpele, òtítọ́ ni èyí, kò sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀. Ohun tí ó dun àwọn tí ó kù ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n kò ní ibi tí ìfẹ́ ń gbà wọlé.

Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti pe ìṣe wọn ní ìṣe ọmọdé. Nínú ìtàn, Wednesday ń jà fún àwọn òrìṣà tí olùsìn wọn kò pọ̀ mọ́. Òǹwòran tí ó tẹ̀ lé e fún ìpele mẹ́ta ti kọ́ láti gbà pé ó yẹ kí wọ́n wà láàyè. Nígbà tí ìkéde jáde, ó wá rí i pé lóde eré, àwọn òrìṣà tuntun ti borí láìjagun rárá. Olóyè Media ni ó dá ẹjọ́.

Ẹ̀bi ta ni?

Síbẹ̀, lámèyítọ́ tí ó bá dá gbogbo ẹ̀bi lé orí ilé-iṣẹ́ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Eré náà fúnra rẹ̀ kó ipa nínú bí ó ṣe kú.

Èkíní, wọn kò jẹ́ kí ọwọ́ kan di í mú. Bryan Fuller àti Michael Green ni wọ́n darí ìpele kìíní; àwọn méjèèjì kúrò kí ọdún 2017 tó parí. Jesse Alexander gba iṣẹ́ náà fún ìpele kejì, kò sì bá a dé òpin. Charles Eglee ni ó darí ìpele kẹta. Olùdarí mẹ́ta ní ìpele mẹ́ta! Ọ̀nà tí onítàn kọ̀ọ̀kan ń gbà sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìpele kìíní kún fún àwòrán tí ojú kì í gbàgbé, ẹ̀jẹ̀ tí ń fò bí òjò, àlá tí ń wọ inú ojúmọ́. Ìpele kejì gbìyànjú láti fara wé e, àfarawé náà sì hàn. Ìpele kẹta gbé Shadow lọ sí ìlú kékeré onídìdì kan tí ń jẹ́ Lakeside, ó sì di ìtàn ọ̀daràn inú ìlú kékeré fún ìgbà pípẹ́. Apá yìí wà nínú ìwé lóòótọ́, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá nítorí ìpele kìíní yóò rò pé òun ti ṣìnà dé ilé ẹlòmíràn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àkókò, èyí tí àwọn tí ń kọ̀wé lórí eré yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ìpele kìíní parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2017. Ìpele kejì kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún 2019. Ó tó oṣù mọ́kànlélógún. Láàárín ìpele kejì àti ẹ̀kẹta, ó tó oṣù ogún. Òrìṣà Yorùbá ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ọrọọrún ni ó ń yí po, ó sì ní ọdún tí ìlú ń ka oṣù dè. Ẹni tí kò bá rí òrìṣà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí mọ̀ pé òun yóò rí i lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Àtúnṣe ìgbà gbogbo ni ó ń mú kí ìsìn dúró. Eré tí ó bá já ọ̀sẹ̀ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó wá ń retí pé kí àwọn olùsìn ṣì dúró sí ẹnu ọ̀nà ojúbọ, ó ti béèrè ohun tí ó pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta ni bí wọ́n ṣe pàdánù Mr. Nancy. Nancy ni Anansi, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn Akan, tí ó bá ẹrú dé Amẹ́ríkà. Orlando Jones ni ó ṣe ipa náà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá àwọn ẹrú sọ nínú ọkọ̀ ojú omi, ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kejì ìpele kìíní, wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ti eré náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Jones sọ ní gbangba pé wọ́n ti lé òun, àti pé olùdarí tuntun kò fẹ́ irú ọ̀rọ̀ tí Nancy ń gbé jáde. Èsì àwọn tí ó ni eré náà ni pé apá ìwé tí wọ́n fẹ́ lò fún ìpele kẹta kò ní Nancy nínú. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́ òtítọ́, àlàfo tí ó fi sílẹ̀ kò ṣe é bò. Àwọn olólùfẹ́ eré tí ó jẹ́ adúláwọ̀ ti ń ṣọ̀fọ̀ tiwọn láti ìgbà náà, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ṣáájú àwọn tó kù.

Bilquis, Bílíkísù àti Ọ̀ṣun

Nínú àlàfo tí Nancy fi sílẹ̀ ni àwọn òrìṣà Yorùbá ti wọlé. Ó dára kí a fi ara balẹ̀ wo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí níbí ni ìpàdánù náà ti dé ilé.

Láti abala kìíní ni Bilquis ti wà nínú eré. Ọbabìnrin Ṣébà ni, òrìṣà ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe. Yetide Badaki, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ni ó ṣe ipa yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú ìpele kìíní, Bilquis ti rẹlẹ̀ débi pé kò ní ilé. Technical Boy, òrìṣà ẹ̀rọ ayélujára, ni ó fún un ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó fi ń wá olùsìn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di onígbèsè lọ́wọ́ àwọn òrìṣà tuntun. Ìfìwàwẹ̀dá yìí jinlẹ̀ ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Òrìṣà tí ó ń gba ìsìn láti ọwọ́ ẹ̀rọ ẹlòmíràn kì í ṣe ara rẹ̀ mọ́, alágbàṣe ni.

Lójú òǹwòran tí ó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, àlejò láti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí Etiópíà ni Bilquis. Lójú ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ibojì tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ti Bílíkísù Súngbọ́ wà. Wọ́n gbà pé òun ni ọbabìnrin Ṣébà, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì ń lọ síbẹ̀ láti wá ojú rere. Òun náà ni ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ Ẹrẹdò, yàrà ńlá tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ. Àwọn onímọ̀ nípa àwókù ayé àtijọ́ kò gbà pé ọbabìnrin Ṣébà ni ó gbẹ́ ẹ, nítorí ọjọ́ orí yàrà náà kéré púpọ̀ sí ìgbà ayé ọba Sólómọ́nì. Ìyẹn kò dí ìtàn lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún lámèyítọ́ ni pé Yorùbá ti sọ Bílíkísù di ara ilé tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà tó ronú láti fi ṣe eré.

Nínú ìpele kẹta ni eré náà wá ṣe ohun kan náà láìjọ pé ó mọ̀. Wọ́n jí Bilquis gbé, wọ́n sì há a mọ́. Nínú ìdààmú yìí ni Ọ̀ṣun yọ sí i. Herizen Guardiola ni ó ṣe Ọ̀ṣun. Bridget Ogundipe ṣe Yemọja. Akọrin Wale, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣe Ṣàngó. Orúkọ tí wọ́n kọ fún Ṣàngó nínú eré náà ni Chango, èyí tí ó fi ọ̀nà tí ó gbà wọlé hàn: kì í ṣe láti Ọ̀yọ́ tààrà, láti Kúbà ni, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ti tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ èdè Sípéènì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹrú àti ọkọ̀ ojú omi ṣe wọ inú ìpàdé Bilquis pẹ̀lú àwọn òrìṣà wọ̀nyí. Wọn kò wá bí alágbe. Wọn kò ní kí Shadow ra oúnjẹ fún àwọn, wọn kò sì lu jìbìtì. Nínú gbogbo òrìṣà tí ó wà nínú eré yìí, àwọn nìkan ni ó jọ pé ebi kò pa.

Èyí gan-an ni ó yẹ kí ó dá gbogbo èrò inú ìtàn náà padà sẹ́yìn. Gaiman sọ pé Amẹ́ríkà jẹ́ ilẹ̀ tí òrìṣà kì í gbó sí. Ọ̀rọ̀ yìí lè bá Odin mu. Kò bá Ọ̀ṣun mu. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO ní ọdún 2005. Lọ́dọọdún ni èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ní Bùràsíìlì, wọ́n ń bọ ọ́ nínú Candomblé. Ní Kúbà, ó ní ilé àti ìlù. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn adúláwọ̀ dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní ọdún 1970, òrìṣà Yorùbá sì ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀ṣun wọ inú eré tí ó gbà pé gbogbo òrìṣà ti ń kú, ó wọlé bí ẹlẹ́rìí tí yóò tako agbẹjọ́rò. Ìbéèrè tí ó gbé wá ni pé kí ni ó fà á tí àwọn kan fi yè? Bí Bilquis bá lè kọ́ ìdáhùn náà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní nílò ẹ̀rọ Technical Boy mọ́, ogun Wednesday pàápàá yóò sì pàdánù ìdí rẹ̀.

Kò sí àníàní pé àwọn tí ó kọ eré náà rí ọ̀nà yìí, ó kéré tán dé ìwọ̀n kan. Bilquis tí ó jáde nínú àhámọ́ kì í ṣe ẹni tí ó wọ ibẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́, ó dá ara rẹ̀ lójú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Badaki ṣe apá yìí dáradára. Ojú rẹ̀ nìkan tó láti fi ìyípadà náà hàn. Àbùkù wà níbẹ̀ o. Àkókò tí wọ́n fún àwọn òrìṣà Yorùbá kéré, ìwà wọn kò yàtọ̀ síra tó, Ṣàngó tí ó yẹ kí ilẹ̀ mì bí ó bá dé jọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá kíni ní ilé ijó. Ẹni tí ó mọ oríkì Ṣàngó yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àbùkù ìbẹ̀rẹ̀ ni ìpele kẹrin ì bá tún ṣe.

Ohun tí ìwé kò lè dá padà

Lẹ́yìn ìkéde náà, ilé-iṣẹ́ Fremantle tí ó ń ṣe eré yìí sọ pé àwọn ń wá ọ̀nà láti parí ìtàn náà, Gaiman pẹ̀lú sì fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ pé kò tíì kú. Ọ̀pọ̀ òǹwòran gba èyí gbọ́. Ìrètí náà kò ṣẹ. Ní ti àwọn kan, ìrètí yìí ni ó tún sọ ìbànújẹ́ di méjì, nítorí òkú tí wọ́n ní kò tíì kú kì í jẹ́ kí a ṣe ìsìnkú.

Ìtùnú tí ọ̀pọ̀ ń fún ara wọn ni pé ìwé wà. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Shadow lára igi, kí ó lọ ka ìwé: Shadow kú, ó rin ìrìn àjò nínú ayé àwọn òkú, ó padà, ó sì tú àṣírí fún àwọn òrìṣà méjèèjì pé Wednesday àti Mr. World ni wọ́n jọ dìtẹ̀, pé ogun náà kò ju pàkúté lọ. Ó parí, ó sì parí dáadáa. Àwọn olólùfẹ́ Shadow, ti Wednesday àti ti Laura lè gbé ìwé náà lé orí itan kí wọ́n sì rí òpin tí ilé-iṣẹ́ fi dù wọ́n.

Bilquis kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Gaiman, ẹ̀dá-ìtàn kékeré ni. Kí ìtàn tó dé góńgó ni Technical Boy ti fi ọkọ̀ pa á lójú títì, kò sì sí ẹni tí ó sunkún rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe eré ni ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, tí wọ́n fún un ní ìtàn, tí wọ́n sì mú un dé ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣun. Ìpàdé òun àti Ọ̀ṣun kò sí nínú ìwé náà rárá. Èyí túmọ̀ sí pé nínú gbogbo okùn ìtàn tí wọ́n gé ní oṣù Kẹta ọdún 2021, okùn tí ó so mọ́ ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni kò ní orí kejì níbikíbi. Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ eré ń ké pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn rí ogun, ohun tí wọ́n ń béèrè ti wà lórí pẹpẹ ìwé láti ọdún 2001. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí Ọ̀ṣun ń mú Bilquis lọ ni kò ní ibi tí yóò lọ béèrè.

Ó yẹ kí olùkọ́ tí yóò bá fi eré yìí kọ́ni nínú kíláásì mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè bí abala kẹrìndínlọ́gbọ̀n bá parí. Bí ó bá béèrè nípa Shadow, ìwé ni kí olùkọ́ nà sí i. Bí ó bá béèrè nípa Bilquis, olùkọ́ lè sọ ìtàn Òkè-Ẹ̀rí fún un, kí ó sì sọ fún un pẹ̀lú pé Bílíkísù ti Òkè-Ẹ̀rí ti rí ibi jókòó, ti inú eré kò tíì rí. Ibi tí ìtàn rẹ̀ dúró sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2021 náà ni ó ṣì wà.